Oríkì Ìdájí ní Hòtẹ́ẹ̀lì Ẹ̀gbẹ́ Gáréèjì

Mo ń fọ aṣọ òde wa nínú báàfù lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì nígbà tí ìyá mi pè. Aṣọ pupa ni, ó ní ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní lọ́rùn. Àwa obìnrin méjì tí à ń gberin la ní irú ẹ̀. Bí èèyàn bá rí i lábẹ́ iná lálẹ́, á rò pé olorì ni wá. Lọ́sàn-án, nínú omi ọṣẹ, èéfín sùyà àti òógùn ló ń tú jáde lára ẹ̀, omi á sì dúdú bí ìgbà tí èèyàn fọ àpò èédú.

Mo nu ọwọ́ mi sí ìró, mo gbé fóònù.

"Ọmọ ẹ ti gbàgbé ọmú o." Ìyá mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí òun tán. "Láti Jímọ̀ ni kò ti béèrè mọ́. Lánàá mo bọ́ bùbá níwájú ẹ̀, ó wò mí, ó kàn ń jẹ iṣu ẹ̀ lọ ni. Ó ti parí. Máa bọ̀ nílé."

Mo ní, "Alihamudulilai, màámi. Ẹ ṣeun. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ."

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Mo wo aṣọ pupa inú báàfù. Mo ní, "Màá pè yín, mà."

Ní agboolé wa ní Ṣakí, ìyá ọmọ ló ń kúrò nílé bí wọ́n bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ọmọ á wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá ọmọ á lọ síbi tí ọmọ ò ti ní gbóòórùn ẹ̀, títí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i pé ó tó. Bó bá yọjú kí wọ́n tó ránṣẹ́, tí ọmọ sì rí i, gbogbo iṣẹ́ tí ìyá àgbà ti ṣe bàjẹ́ nìyẹn, ẹkún á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú ewúro. Mo fi omi ewúro pa orí ọmú méjèèjì. Ọmọbìnrin mi lá a, ó ṣẹ́jú, ó rẹ́rìn-ín, ó tún gbé e sẹ́nu. Ìyá mi ní, "Èyí ò gbọ́ ti ewúro. Ìwọ gan-an ni wàá kúrò."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ọ̀gá pè mí. Ọ̀gá ni obìnrin tó ni ẹgbẹ́ olórin tí mo ti ń bá gberin láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́wàá. Ìsẹ́yìn ló ń gbé. Òde ìsọmọlórúkọ, òde ìgbéyàwó, òde ìṣílé la máa ń lọ káàkiri Òkè-Ògùn, láti Òfíkì dé Kísí. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní òun ti rí iṣẹ́ ní Ìbàdàn, hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, a ó máa kọrin níbẹ̀ lálaalẹ́. Bàbá ọmọ mi wà ní Kísí, ó ń kọ ebè iṣu. Mo pè é, ó ní kí n máa lọ, wọ́n kúkú ní kí n kúrò nílé. Ó bọ́ sásìkò lójú mi. Mo rò pé ọmọ á gbàgbé ọmú, iṣẹ́ á parí, gbogbo ẹ̀ á jọ dé pọ̀.

Ọmọ parí tiẹ̀. Tèmi ò parí. Ìgbà tí a dé Ìbàdàn ni mo tó gbọ́ pé Ọ̀gá ti fún onílé ọtí lọ́rọ̀ pé a ò ní kúrò níbẹ̀ títí di Iléyá, gbogbo wa, kò ní yọ ẹnì kan. Ààwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nígbà náà ni. Iléyá ṣì jìnnà réré.

Hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó wá sùn níbẹ̀ rí. Àgbàlá kan ni, wọ́n fi páànù bo ìdajì ẹ̀, wọ́n fi ìdajì yòókù sílẹ̀ fún ojú ọ̀run. Gílóòbù pupa àti aláwọ̀ ewé ni wọ́n so kọ́ ara wọn. Gọ́tà gba ẹ̀yìn pèpéle wa kọjá, bí òjò bá sì ti rọ̀, òórùn ẹ̀ á dìde wá bá wa gberin. Lẹ́yìn ògiri ni gáréèjì wà, níbi tí àwọn ọkọ̀ Òkè-Ògùn ti ń já iṣu, èlùbọ́ àti èédú sílẹ̀. Inú yàrá kan tí kò ní fèrèsé ni àwa obìnrin ń sùn lọ́sàn-án, orí ẹní, a ó máa gbọ́ tí àwọn agbèrò ń pariwo orúkọ ìlú wa: "Ṣakí! Ṣakí kan! Ṣakí ó kù ẹyọ kan!" Mo máa ń di etí mi.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á ti géètì. Onílé ọtí, ọkùnrin kúkúrú kan tí gbogbo ayé ń pè ní Alága, ló ń fi àgádágodo tì í fúnra ẹ̀, á sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ bẹ́líìtì ẹ̀. Ó ní nítorí àwọn ọmọ ìta ni. Irọ́ kọ́, àwọn ọmọ ìta wà níbẹ̀, mo máa ń gbọ́ bí ìgò ṣe ń fọ́ lójú títì, lẹ́yìn náà eré, lẹ́yìn náà ariwo ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọlé, wọ́n á ṣí fún un. Ẹni tó fẹ́ jáde ni Alága á sọ fún pé ojú títì ò dáa, kó jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí wọ́n gbé ìgò kan sí i wá fún un.

Mo ti gbọ́ nípa fàájì Ìbàdàn kí n tó dé ibẹ̀. Ní Ṣakí, àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ti lọ rí máa ń sọ ọ́ bí ẹni sọ ìtàn ọ̀run. Láti orí pèpéle, ó yàtọ̀. Àwọn tó wá jayé ń wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wa, àwa náà ń wò wọ́n. Mo rí ọkùnrin tó ń jó, tó ń rẹ́rìn-ín, tí fóònù ń dún lápò ẹ̀, tó sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa láìwò ó. Mo rí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń dúró ti ògiri, wọ́n á yọ ẹsẹ̀ kan nínú bàtà gíga kó sinmi díẹ̀, wọ́n á tì í bọ̀ ọ́ padà, wọ́n á tún yọ èkejì. Mo rí awakọ̀ Ṣakí kan tó ra búrẹ́dì àti sálúbàtà ọmọdé sínú ọ̀rá, tó tì í sábẹ́ tábìlì, tó sì ń fi ẹsẹ̀ wò ó léraléra bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ kejì mo tún rí i, ọ̀rá yẹn náà ni. Búrẹ́dì inú ẹ̀ á ti gbẹ. Iṣẹ́ là ń ṣe níbẹ̀, gbogbo wa, àwa tí à ń kọrin àti àwọn tí wọ́n ní àwọn ń gbádùn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le fún mi. Ọmọ ni wọ́n ń já lẹ́nu ọmú, ọmú tèmi ò mọ̀. Ó kún, ó le bí òkúta, mo sì ká táwẹ́ẹ̀lì kékeré sábẹ́ aṣọ pupa kí omi ẹ̀ má baà hàn. Obìnrin kan ń ta ẹyin sísè lẹ́nu géètì, ó máa ń pọn ọmọ ọwọ́. Bí ọmọ yẹn bá ti ké báyìí, omi ọmú á tú láyà mi, lórí pèpéle, lẹ́nu orin ìjayé. Ọmọbìnrin Ìbàdàn kejì tó ń gberin pẹ̀lú mi ló mú mi lọ sẹ́yìn, tó ní kí n fún un dànù sínú gọ́tà. Ó dì mí léjìká mú bí mo ti ń fún un. Ó ní, "Gọ́tà yìí ti mu gbogbo nǹkan láyé, kò tíì mu ti ará Ṣakí." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún.

Ohun kan ṣoṣo ló jẹ́ kí wọ́n nílò mi níbẹ̀ ju ẹlòmíì lọ. Ọ̀gá mọ orin, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn ni, ọkọ ló gbé e dé Ìsẹ́yìn, kò mọ oríkì wa. Èmi mọ̀ ọ́n. Ìyá bàbá mi ló kọ́ mi, èmi ni mo máa ń gbé búta tẹ̀lé e nígbà tí mo wà ní kékeré. Òun ni ìyàwó tó dàgbà jù nínú agboolé, ìdájí ni á sì ti máa lọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíì, á máa fi oríkì jí àwọn ọkùnrin ilé, á gbé omi àlùwàlá sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí Alága rí i pé bí mo bá ti kí ará Òkè-Ògùn kan, á pe ẹnì kejì wá lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n máa gbé maíìkì fún mi. Láìpẹ́ àwọn èèyàn wa ló kún gbogbo tábìlì iwájú.

Ẹni tó ń tètè dé jù nínú wọn ni bàbá kan, ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, tó ń lẹ táyà nínú gáréèjì. Mọ́ọ̀tì ló ń mu, ìgò kan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Á gbé orí lé ọwọ́, á máa retí kí n dé ọ̀dọ̀ òun. Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà ìlú ẹ̀ ń gbéra níwájú ẹ̀, òun ló ń fún táyà wọn ní afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò tíì wọ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí, ó ní, "Ọmọ mi, bí èèyàn bá ti pẹ́ jù, ojú á máa tini láti délé."

Ọjọ́ tí ìyá mi pè, mo sá aṣọ pupa tán, mo lọ bá Ọ̀gá nínú yàrá. Ó ń fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ọ̀nà ọ̀fun, ó fi gèlè àtijọ́ wé ọrùn.

Mo kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ránṣẹ́ pè mí nílé."

Ó tu omi dànù. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà. Ọmọ mi ti já lẹ́nu ọmú."

"O kú oríire. Ó ti wá já lẹ́nu ọmú, kí lo tún fẹ́ lọ fún un?"

Ọmọbìnrin Ìbàdàn tí à ń jọ gberin, tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ní, "Ó fẹ́ lọ fún un ní bíà."

"Dákẹ́ ẹnu ẹ," ni Ọ̀gá wí fún un. Ó yíjú sí mi. "Ta ló máa kí àwọn ará oko yín bí o bá lọ? Èmi? Alága ní bí ẹnì kan bá lọ, kí gbogbo wa máa lọ. Àwọn tó ń lu ìlù ńkọ́? Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Kí n sọ fún wọn pé ọmọ ẹ ò mu ọmú mọ́?"

"Mo bẹ̀ yín, Ọ̀gá. Kí n kàn lọ fojú rí i, kí n padà."

"O ò ní padà." Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Orí pèpéle ni gbogbo wọn ti mọ̀ mí. Wọ́n dàgbà àbí wọn ò dàgbà?"

"Wọ́n dàgbà, mà."

"Ó tán." Ó sùn, ó kọjú sógiri.

Ẹnikẹ́ni ò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mí. Géètì máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu lọ́sàn-án. Mo lè gbé báàgì mi, kí n rìn dé gáréèjì kí ìkòkò omi tó hó. Mo ti gbé báàgì náà lẹ́ẹ̀kan, mo dé ẹnu géètì. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ló wá bá ìyá mi nílé, tó jókòó sórí ẹní, tó ní, "Màá mú un lọ, màá sì mú un padà fún yín." Bí mo bá dá nìkan délé, ohun tí ìyá mi máa kọ́kọ́ bi mí ni bóyá Ọ̀gá ló yọ̀ǹda mi. Kí ni mo fẹ́ wí? Àwọn onílù ńkọ́, tí àwọn náà ní ọmọ nílé? Mo gbé báàgì padà sábẹ́ ẹní. Mi ò rí ibi tí mo lè gbà jáde láìṣẹ̀ ẹnì kan.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án, mo pe ilé. Mo ní kí ìyá mi gbé fóònù sí ọmọ létí.

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Gbọ́ ná. Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Ìyá mi kékeré, báwo ni? Ṣé o ti jẹun?"

Mo ń gbọ́ èémí ẹ̀ nínú fóònù, ó ń mí bí ọmọdé ti ń mí bó bá ń ronú. Ó wá ní, "Rédíò."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Rédíò kọ́. Màmá ẹ ni."

"Rédíò," ó tún wí, ó sì sá lọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyá mi ní rédíò kékeré kan lórí pẹpẹ, ó fi ń gbọ́ wáàsí láràárọ̀. Nínú ilé wa, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ tí kò lójú, tí kò lọ́wọ́. Ọmọ ò ṣe àṣìṣe kankan.

"Má dá a lóhùn, ọmọdé ni," ìyá mi wí. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n máa bọ̀ o. Èmi ló ń pè ní màmá báyìí."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ohùn Ọ̀gá há. Ó kọrin díẹ̀, ó wúkọ́, ó na maíìkì sí mi. "Gbà. Kí àwọn èèyàn ẹ." Ibẹ̀ kún fọ́fọ́. Ọkọ̀ púpọ̀ ló wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn awakọ̀ wà níbẹ̀, àwọn eléèédú láti Òfíkì wà níbẹ̀, bàbá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wà ní ipò ẹ̀. Alága fara ti fìríìjì ọtí, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn.

Mo kí wọn. Mo kí wọn títí ọ̀fun mi fi gbẹ, mo mu omi, mo tún kí wọn. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Ohùn ọmọ mi ò kúrò létí mi, "Rédíò", ohùn kékeré tí kò bínú, tó kàn ń sọ ohun tó rí. Mo di ojú kí n lè sinmi díẹ̀ nínú orin. Bí mo ti di ojú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni mo rí. Mo rí ọmọ mi lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ẹnu ẹ̀ là díẹ̀. Mo rí ìyá bàbá mi tó ti kú tipẹ́, ó ń bọ̀ nínú òkùnkùn ìdájí, ó gbé búta dání.

Ìyá àgbà yẹn ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní oríkì tí a fi ń kí èèyàn lóde yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń jí èèyàn. Ọ̀kan wà fún kó jókòó, kí orí ẹ̀ wú. Ìkejì wà fún kó dìde. Kò sí ọkùnrin tí wọ́n á fi ìkejì yẹn jí ní agboolé wa, tàbí ní agboolé èyíkéyìí ní Òkè-Ògùn, tó jẹ́ padà gbé orí lé ìrọ̀rí, torí àwọn ìyàwó ilé á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí di alẹ́: "Ọkọ wa tí a jí, tí kò jí! Ṣé ká gbé ẹní yín wá sóko fún yín?" Nítorí náà, a kì í kọ ọ́ bí ìdájí ò bá tíì tó.

Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi kúrò nínú ti àkọ́kọ́ tó bọ́ sínú ìkejì. Mo kàn gbọ́ tí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù rọra fà sẹ́yìn, bí ẹni tó ṣìnà. Àwọn onílù náà dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn mi nìkan ló kù:

Baba mi, ẹ jí o,
ìrì ti wẹ ewé iṣu,
omi àlùwàlá yín ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú búta.
Ọmọ oníṣu tí í bá òwúrọ̀ ṣọ̀rẹ́,
ọkọ́ ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ọwọ́.
Ẹ dìde, baba mi,
kí oòrùn má bá yín lórí ẹní.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló jẹ́ kí n la ojú. Bàbá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ti gbé mọ́ọ̀tì sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ tábìlì.

"Ilẹ̀ ti mọ́ ni?" ó bi ẹni tó jókòó tì í.

"Kò tíì mọ́, bàbá. Òru ṣì ni."

"Wọ́n mà ti jí mi."

Ó dìde. Eléèédú kan dìde, ó na ara bí ẹni tó ń ti orí ẹní bọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú wálẹ̀ bí ẹni tó bu omi sí i. Awakọ̀ Ṣakí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ọ̀rá ẹ̀ yọ. Tábìlì iwájú ń ṣófo. Àwọn ọmọ Ìbàdàn tó wà lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan pariwo pé, "Kí ló ṣe àwọn ará oko yìí? Ṣé oko ń jóná ni?" Wọ́n tò lọ sẹ́nu géètì.

Alága sáré bọ̀. "Ẹ̀yin bàbá, ibo lẹ̀ ń lọ? Ojú títì ò dáa. Ẹ jókòó, ẹ jókòó! Ẹ gbé ìgò kọ̀ọ̀kan fún wọn!"

"Alága, ẹ ṣí géètì," bàbá wí.

"Ní irú àkókò yìí?"

"Ìyàwó ilé ti jí wa. Ṣé ẹ fẹ́ kí n padà lọ jókòó, kí wọ́n wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi àgbà?"

"Ìyàwó ilé wo? Olórin tí mo gbà síṣẹ́ nìyẹn!"

"Olórin lẹ gbà síṣẹ́. Ohun tó kọ tán yìí, kì í ṣe orin."

Wọn ò jà. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn dúró síbẹ̀ bí ọkùnrin ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àbájáde agboolé, tó ń retí kí ẹni iwájú kọjá. Àwọn ọmọbìnrin tó ti ògiri dúró wò wọ́n, wọ́n ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ bàtà, àwọn náà lọ tò sẹ́yìn wọn. Alága wò wọ́n títí. Ó tú kọ́kọ́rọ́ lára bẹ́líìtì.

Géètì yẹn ké bó ti ń ṣí. Láti orí pèpéle mo rí títì tó dúdú, mo rí ajá kan, mo rí ẹlẹ́yin tó jókòó sùn lórí àpótí, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo jí jáde. Èmi tí mo jí wọn ṣì di maíìkì mú, nínú aṣọ pupa, Alága sì ti ń ti géètì padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá dúró lẹ́nu yàrá wa. Kò wọlé. "Ẹ̀yin yòókù, ẹ dúró. Obìnrin yìí ò ní kọrin níbí mọ́. Mi ò lè máa sanwó epo jẹnẹrétọ̀ kí ẹnì kan máa lé oníbàárà mi lọ sóko." Ó lọ.

Ọ̀gá jókòó lórí ẹní, ó wò mí. Ohùn ẹ̀ ò tíì là. "O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?"

"Mi ò mọ̀ọ́mọ̀, Ọ̀gá. Mo kàn di ojú ni."

Mo rò pé ó máa bú mi. Ó ní, "Nígbà tí ò ń kọ ọ́, èmi náà ti ń wá bàtà mi. Ẹsẹ̀ mi kan ti wọ̀ ọ́." Ó nu ojú. "Palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́. Mo ṣèlérí fún ìyá ẹ pé màá mú ẹ padà. Mi ò lè dé Ṣakí, màá mú ẹ dé inú ọkọ̀."

Ó wé gèlè àtijọ́ mọ́ ọrùn, ó gbé báàgì mi fúnra ẹ̀, a rìn dé gáréèjì. Ó dúró títí ọkọ̀ fi kún. Ó ní bí òun bá rí òde ìsọmọlórúkọ ní ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn Iléyá, òun á pè mí. Mo dúpẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, mo bojú wẹ̀yìn láti juwọ́ sí i, ó ti kọjú sọ́nà géètì yẹn, ó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹnì kan fọhùn níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. "Ìyàwó ilé wa! Ilẹ̀ wá mọ́ wàyí, àbí?"

Bàbá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni. Ó wọ agbádá tó ti wà ní kíká nínú àpótí tipẹ́, ó gbé àpò kékeré lé itan. Mo tẹ orúnkún bí àyè ti mọ láàárín ìjókòó. "Ó ti mọ́, bàbá. Ẹ káàárọ̀, sà."

"Mi ò padà sùn o. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Títí a fi kọjá Ìsẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ tọ́ ọrùn agbádá ẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Mo délé nígbà tí oòrùn ti rọ̀. Ọmọbìnrin mi wà lẹ́yìn ìró ìyá mi. Ó ti ga. Wọ́n ti gé irun ẹ̀. Ìyá mi ní, "Màmá ẹ rèé," ọmọ yọ orí díẹ̀, ó wo ẹnu mi, ó wo ọwọ́ mi méjèèjì, ó padà sẹ́yìn ìró. Ní gbogbo ọ̀nà, ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá rí mi, á tún béèrè ọmú, iṣẹ́ ìyá mi á sì bàjẹ́. Kò béèrè. Ó jẹ iṣu ẹ̀ tán, ó nu ọwọ́ sára ìyá mi, ó sùn tì í. Mo dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì ẹní, mo ń gbóòórùn orí ẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ní ìdájí mo dìde kí ìyá mi tó tan rédíò. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi, mo rọra fi oríkì ẹ̀ jí i, èyí tí a kọ́ láti fi jí obìnrin ilé wa. Ó la ojú. Ó gbọ́ díẹ̀. Ó ní, "Rédíò," ó sì gbé ojú sókè wo pẹpẹ. Rédíò wà níbẹ̀, ó dákẹ́. Ó yíjú padà sí ibi tí ohùn ti ń wá.

Mo mú ọwọ́ ẹ̀, mo gbé e lé ọ̀fun mi, mi ò sì dákẹ́ oríkì. Ó gbọ́ bó ti ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ó ká ọwọ́ kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan iná, ó wò mí, ó tún dá a padà síbẹ̀ fúnra ẹ̀.

Mo wá sọ fún un pé: "Rédíò ò ní ọ̀fun. Màmá ẹ nìyí. Mo lè tún lọ o, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ mi nínú fóònù, fọwọ́ kan ọ̀fun tìẹ báyìí, kí o dá mi lóhùn. Pè mí ní màmá. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, o ti jí mi nìyẹn. Màá wá bàtà mi, màá dìde, màá máa bọ̀."